Ìmọ́lẹ̀ tí ń pa jẹjẹrẹ: kí ni ó ti ṣe, kí ni kò tíì lè ṣe?

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ìyá kan tí ń ta gàrí ní ọjà Kétu bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò lè dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ẹnì kan ti fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Ohùn náà sọ pé àwọn òyìnbó ti rí ìmọ́lẹ̀ kan tí ń pa àrùn jẹjẹrẹ láìlo ọ̀bẹ, àti pé oògùn kéékèèké kan tí ojú kò lè rí ni ó ń bá ìmọ́lẹ̀ náà ṣiṣẹ́. Àbúrò ìyá yìí ní kókó líle kan ní ọmú. Ilé ìwòsàn ti ní kí ó wá fún àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọ̀bẹ ń bà á. Ìyá náà wí pé: « Ọ̀gá, ẹ bá mi wádìí rẹ̀. Ṣé kí a dúró de ìmọ́lẹ̀ náà ni? »

Mo ti wádìí rẹ̀. Ohùn orí fóònù náà kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ìmọ́lẹ̀ tí ń pa jẹjẹrẹ wà lóòótọ́, ìjọba orílẹ̀-èdè kan sì ti fi àṣẹ sí oògùn rẹ̀ láti ọdún 1993. Àwọn oògùn kéékèèké náà wà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ohun tí ohùn náà kò sọ pọ̀ ju ohun tí ó sọ lọ, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà fún ẹni tí ó ní kókó ní ara lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìdáná. Bí ẹnì kan bá fún ọsàn wẹ́wẹ́, tí omi rẹ̀ ta sí i lọ́wọ́, tí kò fọ̀ ọ́ kúrò, tí ó sì jáde sínú oòrùn gangan, ó lè rí i lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì pé ibẹ̀ ń ta á, pé ó wú. Lẹ́yìn náà, ojú ibẹ̀ lè dúdú fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Omi ọsàn nìkan kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Oòrùn nìkan kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí àwọn méjèèjì bá pàdé ní ara ni wọ́n ń di iná. Ohun tí ń bẹ nínú omi ọsàn yàtọ̀ sí oògùn tí à ń sọ yìí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wọn jọra: ohun kan ń sùn jẹ́ẹ́ ní ara, ìmọ́lẹ̀ ni ó wá jí i.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Ní ìlú Munich, ní ilẹ̀ Jámánì, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń jẹ́ Oscar Raab ń fi aró kan dán àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú omi wò. Ó fẹ́ mọ bí yóò ti pẹ́ tó kí aró náà tó pa wọ́n. Ní ọjọ́ kan wọn a tètè kú; ní ọjọ́ mìíràn wọn a pẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n aró náà kò yí padà. Ó wádìí títí, ó sì rí i pé ìmọ́lẹ̀ inú yàrá ni ó fa ìyàtọ̀ náà. Ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1900. Ní ọdún 1903, ọ̀gá rẹ̀, Hermann von Tappeiner, àti dókítà kan tí ń jẹ́ Albert Jesionek, fi aró kun kókó jẹjẹrẹ tí ó wà ní awọ ara àwọn aláìsàn, wọ́n sì tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Ní ọdún 1912, dókítà Friedrich Meyer-Betz fa irú oògùn bẹ́ẹ̀ sí ara òun fúnra rẹ̀ láti mọ ohun tí yóò ṣe. Ó jáde sínú oòrùn. Ojú rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ wú gidigidi, oòrùn sì ń dà á láàmú fún bí oṣù méjì. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí sọ́kàn, nítorí a óò padà sí i.

Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ náà dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí ó jí i padà ni Thomas Dougherty, ní ilé ìwòsàn Roswell Park, ní ìlú Buffalo, ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1978, ó ròyìn ìtọ́jú àwọn aláìsàn 25 tí wọ́n ní kókó jẹjẹrẹ 113 ní awọ ara tàbí lábẹ́ awọ. Nínú 113 náà, 111 ni ó kú tán tàbí tí ó dín kù. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe oògùn tí à ń pè ní Photofrin. Kánádà fi àṣẹ sí i ní 1993 fún jẹjẹrẹ inú àpò ìtọ̀. Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí i ní 1995 fún jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun tí oúnjẹ ń gbà kọjá.

Báwo ni ó ti ń ṣiṣẹ́? Gbogbo ara wa ni a fi àwọn ẹyọ kéékèèké kọ́, bí a ti ń fi bíríkì kọ́ ilé. Sẹ́ẹ̀lì ni à ń pe ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Jẹjẹrẹ kì í ṣe àlejò tí ó ti ìta wọlé bí kòkòrò ibà. Sẹ́ẹ̀lì tiwa fúnra wa ni, tí ó di ọlọ̀tẹ̀, tí ó ń pọ̀ sí i láìgba àṣẹ. Wọ́n á fa oògùn náà sínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Wọ́n á dúró kí ó dé inú kókó náà. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tan ìmọ́lẹ̀ pupa sí ojú ibẹ̀, nígbà púpọ̀ pẹ̀lú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ìmọ́lẹ̀ náà kì í jó ni. Oògùn ni ó ń jí. Oògùn náà á gba agbára ìmọ́lẹ̀, á sì gbé e fún ọ́síjìn, ìyẹn apá afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú tí ó ń gbé ẹ̀mí wa ró. Ọ́síjìn tí ó gba agbára yìí á ya oníjàgídíjàgan. Ohunkóhun tí ó bá wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni yóò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kí agbára náà tó tán, kì í sì í lè rìn jìnnà. Kò tilẹ̀ lè la sẹ́ẹ̀lì kan já láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi fẹ́ràn rẹ̀: ibi tí oògùn àti ìmọ́lẹ̀ bá ti pàdé nìkan ni ó ń pa.

Bí ó bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò fi gba ipò ọ̀bẹ?

Ìdí àkọ́kọ́ ni jíjìn. Ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ ọwọ́ yín nínú òkùnkùn. Ẹ óò rí i pé ìka ń pọ́n. Ìmọ́lẹ̀ pupa nìkan ni ó ráyè kọjá. Àwọn àwọ̀ yòókù ti kú sínú ẹran ara. Ẹ wá fi tọ́ọ̀ṣì kan náà sí ikùn. Ẹ kò ní í rí ohunkóhun ní ẹ̀yìn. Pẹ̀lú Photofrin, ìmọ́lẹ̀ kì í sábà ṣiṣẹ́ ju mìlímítà 10 lọ sínú ẹran ara, ìyẹn bí ìbú ìka kékeré kan. Ìdí kejì ni pé oògùn náà kì í dúró sí inú kókó nìkan. Ó ń tàn ká gbogbo ara, títí dé awọ. Ẹni tí ó bá gbà á gbọ́dọ̀ sá fún oòrùn fún ọgbọ̀n ọjọ́ ó kéré tán. Ohun tí ó ṣe Meyer-Betz ni ń dúró dè é lóde. Ìdí kẹta ni pé inú kókó jẹjẹrẹ máa ń há, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í ráyè dé àárín rẹ̀ dáadáa. Níbi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé, ọ́síjìn kò pọ̀ níbẹ̀. Iná tí kò rí afẹ́fẹ́ kò lè jó.

Níbi yìí ni àwọn oògùn kéékèèké ti wọlé. Ẹ wo ìlà mìlímítà kan lórí rúlà ọmọ iléèwé. Bí a bá gé mìlímítà kan yẹn sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan ni à ń pè ní nànómítà. Ẹrù tí àwọn onímọ̀ ń ṣe sábà máa ń tó nànómítà 100 tàbí kí ó kéré sí i. Ẹgbàárùn-ún irú rẹ̀, ìyẹn 10.000, lè tò lé ìlà lórí mìlímítà kan ṣoṣo. Wọ́n lè fi ọ̀rá ṣe é bí róbótó tí inú rẹ̀ ṣófo, kí wọ́n sì kó oògùn sínú rẹ̀. Wọ́n lè fi wúrà ṣe é, tàbí irin àti àwọn ohun mìíràn. Kì í ṣe oògùn tuntun ni ó jẹ́ nígbà púpọ̀. Ọkọ̀ tí ń gbé oògùn ni.

Kí ni ọkọ̀ yìí wà fún? Ní ọdún 1986, àwọn ará Jàpáànù méjì, Matsumura àti Maeda, fi hàn pé òpó ẹ̀jẹ̀ inú kókó jẹjẹrẹ kì í dí dáadáa. Kókó náà ń yára dàgbà, nítorí náà ó kọ́ òpó tirẹ̀ ní wàràwàrà, bí ilé tí a kọ́ láìsí ọ̀gá bíríkìlà. Ihò wà lára rẹ̀. Ohun tí ó tóbi díẹ̀ kò lè jò jáde lára òpó ẹ̀jẹ̀ tí ó dára, ṣùgbọ́n ó lè jò wọ inú kókó, kí ó sì há síbẹ̀. Ìrètí ńlá ni èyí. Bí ọkọ̀ bá gbé oògùn ìmọ́lẹ̀ dé inú kókó tí kò sì jẹ́ kí ó tú sí awọ, oòrùn kò ní í jẹ́ ọ̀tá aláìsàn mọ́. Àwọn mìíràn ń kó ọ́síjìn sínú ọkọ̀ náà, kí iná lè rí afẹ́fẹ́. Àwọn mìíràn tún ń ṣe ọkọ̀ tí ń gba irú ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú ènìyàn kò rí, tí ó ń wọnú ẹran ara jìnnà ju ti pupa lásán, tí ọkọ̀ náà á sì sọ di ìmọ́lẹ̀ tí oògùn lè lò.

Irú ọkọ̀ yìí kì í ṣe àlá. Láti ọdún 2000 ni Amẹ́ríkà ti fi àṣẹ sí Visudyne, oògùn ìmọ́lẹ̀ tí a kó sínú róbótó ọ̀rá. Ṣùgbọ́n àrùn ojú àwọn àgbàlagbà ni wọ́n ń fi tọ́jú, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé ìrètí ihò òpó ẹ̀jẹ̀ kò ṣẹ tó bí wọ́n ti rò. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ ní Toronto, ní Kánádà, kó àbájáde ìwádìí ọdún mẹ́wàá jọ. Wọ́n rí i pé nínú 1.000 ọkọ̀ kéékèèké tí a fà sí ara ẹranko, bí 7 ni ó ń dé inú kókó. Ọ̀pọ̀ nínú ìyókù, ẹ̀dọ̀ ni ó gbé e mì. Ní tèmi, iye yìí ni ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń polówó ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ sọ.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà gbóná lónìí wà ní ibòmíràn, ó sì yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kà á. Kókó àkọ́kọ́ kọ́ ni ó sábà ń pa ẹni tí jẹjẹrẹ mú. Àwọn ọmọ tí kókó náà bí sí ẹ̀dọ̀, sí eegun, sí ẹ̀dọ̀fóró, sí ọpọlọ ni. Ìmọ́lẹ̀ kò lè lépa wọn dé gbogbo ibẹ̀. Ta ni ó lè lépa wọn? Àwọn ọmọ ogun ara wa, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣọ́ wa lọ́wọ́ àrùn. Wọ́n ń rìn dé ibi gbogbo. Ìṣòro wọn ni pé jẹjẹrẹ jọ ọmọ ilé. Wọn kì í tètè dá a mọ̀.

Nísinsìnyí, ẹ kíyè sí i pé ikú sẹ́ẹ̀lì kì í ṣe oríṣi kan. Sẹ́ẹ̀lì tí ó ti gbó máa ń kú jẹ́ẹ́; ara á kó òkú rẹ̀ dànù, kò sí ẹni tí yóò béèrè. Sẹ́ẹ̀lì tí oògùn ìmọ́lẹ̀ bá pa kì í sábà kú jẹ́ẹ́. Ó ń gbé àmì kan jáde sí ara rẹ̀, ó sì ń tú àwọn nǹkan kan sílẹ̀ ní àyíká, bí ẹni tí olè wọ ilé rẹ̀ ní òru tí ó ké « Olè! » kí ó tó ṣubú. Àwọn ọ̀dẹ̀ ara á sáré wá. Wọ́n á gbé ègé òkú náà, wọ́n á gbé e lọ han àwọn ọmọ ogun: ẹni tí ẹ óò máa wá nìyí. Láti ìgbà náà, kókó tí a fi ìmọ́lẹ̀ pa di ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ ogun.

Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ní àrékérekè mìíràn. Bí ọmọ ogun bá sún mọ́ ọn, ó lè tẹ ibi kan ní ara rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn tẹ bíréékì zémìjàn. Ọmọ ogun náà á dúró gbọnin. James Allison ti Amẹ́ríkà àti Tasuku Honjo ti Jàpáànù gba ẹ̀bùn Nobel ní 2018 nítorí pé wọ́n fi ọ̀nà hàn tí a lè gbà gbé ẹsẹ̀ jẹjẹrẹ kúrò lórí bíréékì yìí. Oògùn tí ó ti ibẹ̀ wá ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Síbẹ̀, kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn, nítorí bí ọmọ ogun kò bá tilẹ̀ mọ ẹni tí yóò bá jà, kí ni bíréékì tí a tú yóò ṣe fún un?

Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ìmọ́lẹ̀ á kọ́ ọmọ ogun ní ẹ̀kọ́, oògùn kejì á tú bíréékì. Ní ọdún 2016, Wenbin Lin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Chicago gbìn kókó jẹjẹrẹ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ara eku. Wọ́n fa ọkọ̀ kéékèèké tí ó gbé oògùn ìmọ́lẹ̀ àti oògùn ṣímíò sínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ṣímíò ni oògùn líle tí a fi ń pa jẹjẹrẹ. Wọ́n fún wọn ní oògùn tí ń tú bíréékì pẹ̀lú. Wọ́n wá tan ìmọ́lẹ̀ sí kókó ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Èyí tí a tan ìmọ́lẹ̀ sí súnkì. Èyí tí a kò tan ìmọ́lẹ̀ sí súnkì pẹ̀lú. Ọmọ ogun ni ó rìn lọ bá a.

Eku ni o. Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí. Eku inú yàrá ìwádìí kò wúwo ju bí gíráàmù ogún tàbí ọgbọ̀n lọ. Kókó tí a gbìn sábẹ́ awọ rẹ̀ kò jìn. Ìmọ́lẹ̀ yóò dé ìdí rẹ̀. Kókó náà jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nígbà tí ti ènìyàn lè ti wà fún ọdún púpọ̀. Ọ̀pọ̀ oògùn ni ó wo eku sàn tí kò wo ènìyàn sàn.

Ní ara ènìyàn, ohun tí ó wà kéré, ṣùgbọ́n ó wà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, ìjọba Jàpáànù fi àṣẹ sí Akalux fún jẹjẹrẹ orí àti ọrùn tí ọ̀bẹ kò lè mú kúrò. Ọgbọ́n tí Hisataka Kobayashi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2011 ni. Kò lo róbótó ọ̀rá. Ohun tí ó dà bí kọ́kọ́rọ́ tí ó mọ ilẹ̀kùn jẹjẹrẹ ni ó gbé aró náà. Ní ìlú New York, àwọn dókítà fa ọkọ̀ kéékèèké tí a fi wúrà bò sínú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin 16 tí wọ́n ní jẹjẹrẹ pùrósítáàtì, ìyẹn ẹ̀yà ara kan tí ó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin. Ìmọ́lẹ̀ lésà mú kí wúrà náà gbóná, ó sì sun kókó náà. Àbájáde àkọ́kọ́ jáde ní 2019, ó sì mú ìrètí wá. Ní Lille, ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ sínú ọpọlọ aláìsàn mẹ́wàá lẹ́yìn tí wọ́n yọ kókó kúrò níbẹ̀. Ẹ wo iye wọn: 16, 10. Ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ tún wo pé ọ̀bẹ ṣì wà nínú ti Lille.

Èsì tí mo fún ìyá onígàrí náà kò gùn: kí wọ́n má dúró. N kò rí ìmọ́lẹ̀ kankan tí ó ti gba ipò ọ̀bẹ fún kókó ọmú, ní òkè òkun tàbí níhìn-ín. Kókó ọmú tí a bá tètè rí ṣeé tọ́jú pẹ̀lú ohun tí àwọn dókítà ní lọ́wọ́ lónìí. Èyí tí a bá fi sílẹ̀ fún ọdún kan lè bímọ sí ibi tí ọwọ́ kò tó.

Ó tún bi mí pé, bí ìmọ́lẹ̀ náà bá dé lọ́jọ́ kan, ṣé yóò ṣiṣẹ́ fún àwa náà? Ìbéèrè àgbà ni. Ohun dúdú tí ó fún awọ wa ní àwọ̀ rẹ̀ máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì kí ó tó wọlé. Ó ń gbé ti pupa mì díẹ̀, ti àwọ̀ aró púpọ̀. Nítorí náà, ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí ó tó fún aláwọ̀ funfun lè má tó fún aláwọ̀ dúdú níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti gba awọ kọjá. Èyí kì í ṣe ìfura lásán. Ní ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, àwọn dókítà ní Michigan, ní Amẹ́ríkà, rí i pé ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi há ìka, tí ó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, ń ṣi ìwọ̀n kà lára àwọn aláwọ̀ dúdú ní bí ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Ẹ̀rọ náà a ní ara wọn dá, nígbà tí ọ́síjìn ti lọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń lo ẹ̀rọ yẹn kí ẹnikẹ́ni tó ka ọ̀rọ̀ náà sí. Bí kò bá sí aláwọ̀ dúdú láàárín àwọn tí a fi dán oògùn ìmọ́lẹ̀ wò, ọ̀rọ̀ náà yóò tún rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oòrùn náà sì ń bẹ níbẹ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́ láìjáde sínú oòrùn ṣòro fún ẹni tí ń gbé ní Buffalo. Fún àgbẹ̀ ní Ṣábẹ tàbí ìyá tí ń jókòó ní ọjà láti àárọ̀ dé alẹ́, oṣù kan láìrí owó ni. Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá ń ṣe ọkọ̀ tí kò ní í jẹ́ kí oògùn tú sí awọ, bóyá wọn kò mọ̀ pé ìyá onígàrí kan ní Kétu wà lára àwọn tí ó nílò rẹ̀ jù.

Àbúrò rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́rú tí ó kọjá. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú ẹran kékeré lára kókó náà. Èsì kò tíì jáde.